Èèpo Ọsàn Tí À Ń Dà Nù: Ìtàn Rẹ̀, Iyì Rẹ̀, àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Nínú ìwé ìrántí wa, a máa ń wá ohun kan tó jẹ mọ́ ọjà, a ó sì sọ ìtàn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èèpo ọsàn ló kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! A mọ̀ pé òkìtì rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ọlọ́sàn, àwọn ewúrẹ́ sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju àwa lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa tó mú kí a rí i pé ó yẹ kí a mọ ìtàn èèpo yìí dáadáa.

Ní ìpàdé wa kan, àlejò kan gbé ìgò wá bá wa. Ó ní omi èèpo ọsàn ló wà nínú rẹ̀, pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé ó ń fọ gbogbo májèlé kúrò nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ó ka àwọn orúkọ gígùn gígùn sí wa létí. Ọ̀pọ̀ nínú wa rà á. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀ láti ọdún pípẹ́, pa oògùn dókítà tì. Ó ní òun ti rí èyí tó sàn jù. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n fi sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run ṣàánú, ìyá náà wà láàárín wa lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a kọ ọ́ síbí, kí a má ṣáà dárúkọ òun.

Ìbéèrè tí a wá ń bi ara wa ni pé, ṣé irọ́ ni àlejò yẹn pa? Rárá o. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì wà. Irọ́ tí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló ń tà lọ́jà jù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ya òótọ́ sọ́tọ̀, ká ya àlékún sọ́tọ̀, bí a ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Ohun tí àwọn ìyá wa ti mọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí, ọsàn, kì í ṣe èyí tí à ń bó tí à ń mu yìí ló kọ́kọ́ ni ín. Àgbálùmọ̀ ló ni orúkọ náà, títí dòní sì ni àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ra ọsàn, àgbálùmọ̀ ni wọn yóò kà síwájú yín. Ọsàn òyìnbó tàbí òroḿbó ni àwọn àgbà ń pe èyí tí à ń mu, nítorí àjèjì ni. Ilẹ̀ Éṣíà ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Àwọn oníṣòwò orí omi, àwọn ará Potogí pàápàá, wà lára àwọn tó gbé e káàkiri etíkun Áfíríkà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di ọmọ onílé, débi pé irú ọsàn dídùn kan wà tó ń jẹ́ Agége títí di òní.

Àwọn ìyá wa kò lọ sí yàrá ìwádìí kankan, ṣùgbọ́n wọn kì í fi èèpo ṣòfò. Wọ́n ń sá èèpo ọsàn sóòrùn, wọ́n sì ń fi ṣáná, nítorí òróró tó wà lára rẹ̀ máa ń tètè gbaná. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á jó o nínú àpáàdì kí èéfín rẹ̀ lè lé ẹ̀fọn. Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń wọ ìkòkò àgbo ibà. Eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti kòkó ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọ́n ní èèpo ọsàn gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní chenpi, tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ tí wọ́n sì fi ń ṣe oògùn. Bó bá ṣe pẹ́ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń gun òkè. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta sókè ni wọ́n ń kà sí ojúlówó.

Bí a bá sì rò ó, ó bọ́ sí i. Èèpo ni aṣọ èso. Òun ni oòrùn ń pa, òun ni kòkòrò kọ́kọ́ ń bù jẹ, òun ni olú kọ́kọ́ ń hù lé lórí. Igi kò lè sáré, kò sì lè jà. Èèpo èso rẹ̀ ló ń kó ohun ìjà rẹ̀ pamọ́ sí. Ohun tó mú kí ó korò lẹ́nu náà ló ń dáàbò bo ohun dídùn tó wà nínú rẹ̀.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú èèpo wò

Ní ọdún 1828, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Lebreton rí èròjà kan yọ nínú apá funfun tó wà lábẹ́ èèpo ọsàn, ibi tí àwa máa ń fi sílẹ̀ lára ọsàn bí a bá bó o tán. Orúkọ tí wọ́n sọ èròjà náà ni hesperidin. Fún ọdún tó lé ní 100, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe ní pàtó.

Ní ọdún 1936, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì kan, Albert Szent-Györgyi, kíyè sí ohun kan. Òun ló wà nídìí bí wọ́n ṣe rí fítámìn C yọ, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1937. Ó rí i pé fún àwọn kan tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn kò lágbára, ojúlówó fítámìn C tí wọ́n yọ mọ́ tónítóní kò ṣiṣẹ́ tó èyí tí wọn kò tíì yọ ìdọ̀tí rẹ̀ tán, tí oje ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí ata ṣì wà nínú rẹ̀. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Rusznyák, wá pe ohun yòókù yẹn ní fítámìn P. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹlòmíràn tún un wò, ẹ̀rí rẹ̀ kò tó láti pè é ní fítámìn, wọ́n sì gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó gba ẹ̀bùn tó ga jù láyé sọ̀rọ̀ nípa irú èròjà yìí, wọ́n ṣì tún un wò. Bí ẹni tó gbé ìgò wá bá wa bá wá ní kí a má bi òun ní ìbéèrè, ṣé ó ju Szent-Györgyi lọ ni?

Ìpáàrà inú ara

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú ló ń mú wa wà láàyè, òun náà ló ń mú irin dípẹtà. Iṣu tí a bó tí a kò tètè rẹ sómi máa ń dúdú. Òróró ẹ̀pà tó pẹ́ nínú oòrùn máa ń yí òórùn padà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, nítorí a ti pàdánù owó sí i rí.

Ní ọdún 1956, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Denham Harman, sọ pé irú ìpáàrà yìí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn náà. Ó ní àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tí òyìnbó ń pè ní free radicals. Bí a bá fẹ́ fi ọjà ṣàpèjúwe rẹ̀, ó dà bí ẹni tí wọ́n jí àpò owó rẹ̀, tí òun náà wá lọ jí ti ẹni tó jókòó tì í, tí ẹni yẹn tún lọ jí ti ẹlòmíràn, títí tí gbogbo ọjà fi dàrú. Ohun tí wọ́n ń pè ní antioxidant ni ọlọ́rọ̀ tó dìde láàárín wọn, tó ní, "Gba èyí lọ́wọ́ mi, kò ní dùn mí." Ìjà parí níbẹ̀. Ní ọdún 1969, McCord àti Fridovich ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ara wa fúnra rẹ̀ ní irú àwọn ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Oúnjẹ tí à ń jẹ, èso àti ewébẹ̀, tún ń gbè wọ́n lẹ́yìn.

Májèlé wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ májèlé ló jẹ́ pé bó bá dé inú ẹ̀dọ̀, irú olè bẹ́ẹ̀ ló máa tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sì pọ̀ ju ọlọ́pàá lọ.

Eku Mysore, èèpo Àkúrẹ́

Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ní ìlú Mysore ní ilẹ̀ Íńdíà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí èèpo pómégíránétì, èso tí Bíbélì àti Kùránì mẹ́nu bà. Májèlé tí wọ́n lò ni carbon tetrachloride, tí àwọn alágbàfọ̀ ìlú òyìnbó ń lò nígbà kan rí kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní ara àwọn eku tó gba májèlé nìkan, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá ara tí a sọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní catalase, fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Àwọn eku tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní èròjà tí wọ́n yọ nínú èèpo náà kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ọlọ́pàá ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bíi ti eku tí wọn kò fún ní májèlé rárá.

Nílé wa níbí náà, ọ̀jọ̀gbọ́n Ganiyu Oboh àti Ayokunle Ademosun ní Yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ ṣiṣẹ́ lórí èèpo tí àwa ń dà nù. Ní ọdún 2011, wọ́n tẹ iṣẹ́ jáde lórí èèpo shaddock, ọsàn ràbàtà tó máa ń tóbi bí orí ọmọ, pé èròjà inú rẹ̀ lè dí iṣẹ́ àwọn ohun tó ń sọ oúnjẹ di ṣúgà nínú ìfun lọ́wọ́, àti ohun kan tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 2012, wọ́n tún tẹ òmíràn jáde lórí agbára tí èèpo irú àwọn ọsàn kan ní láti dènà ìpáàrà. Ó yẹ kí inú wa dùn sí i. Ohun tí ewúrẹ́ ń jẹ lẹ́yìn ìsọ̀ wa ti di ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbé lé orí òṣùwọ̀n.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ibi tí àlejò wa dá ìtàn dúró sí nìyẹn. Ó kó owó, ó lọ. Àwa ò ní dá a dúró síbẹ̀.

Àkọ́kọ́, eku kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún eku Mysore ní èèpo kí wọ́n tó fún un ní májèlé, wọ́n sì wọn méjèèjì. Ta ló ń mọ ọjọ́ tí májèlé máa wọlé kó tó wọlé? Iṣẹ́ Àkúrẹ́ tí a sọ yẹn náà, inú àwo àti ìgò ìdánwò ni wọ́n ti ṣe é. Ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ nìyẹn, kì í ṣe òpin rẹ̀. Èròjà tí wọ́n yọ tí wọ́n wọ̀n kì í sì í ṣe èèpo tí ẹnì kan sè nínú ìkòkò tó rọ sínú ìgò.

Èkejì, ohun rere náà lè ṣe ibi bó bá pọ̀ jù tàbí bó bá bọ́ sí ara tí kò yẹ. Ní ilẹ̀ Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní hóró beta-carotene, èròjà tó ń pọ́n kárọ́ọ̀tì, òun náà sì jẹ́ adènà ìpáàrà. Àwọn ọkùnrin tó wà nínú ìdánwò náà lápapọ̀ jẹ́ 29,133. Gbogbo ayé rò pé yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí àbájáde jáde ní ọdún 1994, jẹjẹrẹ náà fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó gbé hóró náà mì. Bí wọn kò bá dán an wò lára èèyàn, wọn ì bá ṣì máa tà á fún àwọn amusìgá bí ààbò.

Ẹ̀kẹta, èyí kan àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an. Ní ọdún 1989, ní ilẹ̀ Kánádà, David Bailey àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣàdédé rí i pé omi grapefruit, tí àwa ń pè ní gíréèpù, ń sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń jẹ́ felodipine di ìlọ́po nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó gbé hóró kan mì á wá dà bí ẹni tó gbé púpọ̀ mì. Àwọn oògùn mìíràn náà wà tí gíréèpù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, èròjà tó ń fà á sì wà lára èèpo rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ bá ń mu fún dókítà yín, títí kan àgbo. Kò ní pa yín jẹ. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ ló lè ṣe yín ní ibi.

Ẹ̀kẹrin, èèpo kan náà tó ń gba kòkòrò dúró ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n fọ́n lóko ń kọ́kọ́ bà lé. Ẹni tó bá sè é láìmọ oko tó ti wá lè máa se májèlé láti fi wo májèlé. Kì í sì í ṣe gbogbo èèpo ni ọ̀rẹ́. Ta ló máa bó èèpo ẹ̀gẹ́ tútù tó máa jẹ ẹ́? Májèlé tó wà nínú èèpo rẹ̀ ju ti inú rẹ̀ lọ.

Májèlé tí àwa fúnra wa ń fi sí i

Nígbà tí a ń jíròrò ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé, ìyá wa tó dé láti ọsibítù yẹn béèrè ìbéèrè kan tó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ní ẹ fẹ́ fọ májèlé kúrò lára. Ta ló fi í sí i?"

Òótọ́ korò bí èèpo ọsàn. Àwa ọlọ́jà mọ ohun tó ń lọ. Àwọn kan ń fi kábáìdì, tí àwọn wẹ́dà ń lò, mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò pọ́n kíákíá. Bí kábáìdì bá kan omi, afẹ́fẹ́ kan ń jáde tó ń tan èso jẹ pé àkókò pípọ́n ti tó. Ṣùgbọ́n ó lè ní àbàwọ́n arsenic àti phosphorus nínú, májèlé paraku ni wọ́n. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa rẹ̀. Àwọn kan sì ń fọ́n dichlorvos, tí à ń pè ní ota piapia, sínú ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní ọdún 2015, àjọ European Union ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ, nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos. Ẹ̀wà tí òyìnbó kọ̀, ṣé àwọn ọmọ wa ló yẹ kó jẹ ẹ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kedere: kò sí omi èèpo kankan tó ń wo ẹni tó gbé ota piapia mì. Iṣan ìmọ̀lára ló ń kọlù, kì í jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa. Ọsibítù ni wọ́n ti ní abẹ́rẹ́ atropine tó ń dojú kọ ọ́. Ẹ má fi epo pupa tàbí èèpo fi àkókò ṣòfò, ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ohun tó wá yà wá lẹ́nu ni pé ibi tí èèpo ọsàn ti lè gbà wá lọ́wọ́ májèlé jù lè má jẹ́ inú ìgò rárá. Ní ọdún 1985, K. N. Don-Pedro tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí èèpo irú àwọn ọsàn kan ṣe jẹ́ májèlé fún kòkòrò ẹ̀wà àti kòkòrò ẹja gbígbẹ. Òróró kan náà tí àwọn ìyá wa ń jó fún ẹ̀fọn ló wà nídìí rẹ̀. Kò tíì di ohun tí a lè gbójú lé fún àpò ẹ̀wà 100, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yẹ kí a máa wò nìyẹn: kí èèpo gba ẹ̀wà lọ́wọ́ kòkòrò, kí ota piapia má baà wọ inú ìkòkò wa láéláé.

Ohun tí a fẹnu kò sí

Ẹgbẹ́ wa ti pinnu ohun mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò ní tún ta oògùn ní ìpàdé wa mọ́, bó ti wù kí orúkọ inú rẹ̀ gùn tó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ta ẹ̀wà yóò lè yá owó ra àpò alápòpọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá méjì ló wà nínú àpò kan. Bí ẹ bá dì í le, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á kú láìsí oògùn. Àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò yóò padà sí ọ̀nà ìyá wa: ẹ fi èso tó ti pọ́n sáàárín èyí tí kò tíì pọ́n, ẹ fi àpò bò ó, ẹ fún un ní ọjọ́ rẹ̀. Owó á pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, ṣùgbọ́n owó tó mọ́ ni.

Ní ti èèpo ọsàn, ẹ sá a, ẹ fi ṣáná. Ẹ mu ọsàn yín, ẹ jẹ ewébẹ̀ yín, ẹ lo oògùn tí dókítà fún yín. Bí àwọn onímọ̀ Àkúrẹ́ àti ti ibòmíràn bá fi èèpo yìí ṣe ojúlówó oògùn lọ́jọ́ kan, tí wọ́n dán an wò lára èèyàn tí NAFDAC sì fọwọ́ sí i, àwa la ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, torí ọwọ́ wa ni èèpo wà.